Ìdọ̀tí, Ọgbẹ́ àti Ogbó: Ohun tí ó ń dín Agbára Sẹ́ẹ̀lì Oòrùn kù

Inú mi dùn pé a gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ọgbà yunifásítì wá sí ìlú Ìrókò, ní ojú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, nítorí pé irú ìlú báyìí ni sólà ti wúlò jù lọ. Òun ni ó ń fa omi, òun ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí agbára rẹ̀ bá dínkù, ohun tí a sábà ń gbọ́ ni pé, “Sólà ò dáa.” Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: ìdọ̀tí, ọgbẹ́ àti ogbó. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò da èyí tí ó dára nù, yóò sì fi èyí tí ó léwu sílẹ̀ lórí òrùlé.

1. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1954 ni Chapin, Fuller àti Pearson, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, fi sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì han gbogbo ayé. Nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 agbára oòrùn ni ó ń sọ di iná nígbà náà. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń tà lónìí ń sọ ju ìdá 20 lọ. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kò mú ju nǹkan bí ìdajì fóltì wá, nítorí náà ni a ṣe ń so 36 pọ̀ ní ìtẹ̀léra kí wọ́n lè gba agbára sínú bátìrì fóltì 12.

Ẹ wo àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí wọ́n ń na páànù kọ̀ǹkéré sí ara wọn. Bí apá ẹnì kan ṣoṣo bá rọ, gbogbo ìlà náà ni yóò falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti sẹ́ẹ̀lì. Èyí tí kò lágbára mọ́ yóò dí ìṣàn iná lọ́nà. Agbára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò di ooru nínú rẹ̀, ó sì lè jó o. Dáyóòdù, ẹ̀rọ kékeré inú àpótí tí ó wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, ni ó ń la ọ̀nà àbùjá fún iná kí èyí má baà ṣẹlẹ̀. Bí òun náà bá bàjẹ́, ààbò lè tán.

2. Ìdọ̀tí

Ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti Sàhárà ní àkókò tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ láti wẹ̀ ẹ́ nù. Èéfín ibi tí a ti ń yan gaàrí ń kún un. Ìgbẹ́ ẹyẹ tàbí ewé kan ṣoṣo tí ó bo sẹ́ẹ̀lì kan tó láti fa gbogbo ìlà sẹ́yìn. Ooru pẹ̀lú ń jẹ nínú agbára. Ní 25°C ni a ti ń wọn wáàtì tí a kọ sára pánẹ́ẹ̀lì. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 60°C, ó lè pàdánù nǹkan bí ìdá 14 nínú 100. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọgbẹ́, bí a bá tètè mójú tó wọn. Bí ilẹ̀ bá tutù, agbára yóò padà; bí a bá sì fọ eruku kúrò, ó tán. Òwúrọ̀ ni kí a fi omi mímọ́ àti aṣọ rírọ̀ fọ̀ ọ́. A kò gbọ́dọ̀ da omi tútù sí gíláàsì tí oòrùn ọ̀sán ti mú gbóná, kí ó má baà sán.

3. Ọgbẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù yìnyín. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú àyẹ̀wò tí àgbáyé fọwọ́ sí, wọ́n ń yin bọ́ọ̀lù yìnyín tí ó fẹ̀ tó mílímítà 25 lu gíláàsì náà, kò sì gbọdọ̀ fọ́. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni kí a bẹ̀rù: ẹsẹ̀ ẹni tí ó gun òrùlé tí ó tẹ pánẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀. Bákan náà ni ọkọ̀ tí ó ń jà á ní kòtò. Gíláàsì lè wà láìfọ́ kí sẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ ti sán, ojú lásán kò sì ní rí i.

Bí gíláàsì fúnra rẹ̀ bá fọ́, iná ṣì lè máa wá, èyí ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Bí ògiri kò bá lanu, aláńgbá kò lè wọ ibẹ̀. Omi yóò gba ojú ẹ̀là náà wọlé, yóò mú kí okùn irin inú rẹ̀ dípẹtà, iná sì lè gbé ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án. Kí ẹni tí ó ń ra tòkunbọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Mítà lè ka iye fóltì tí ó yẹ lára pánẹ́ẹ̀lì tí ó ti gbọgbẹ́, nígbà tí kò sí iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ ọn nínú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ wá wọn ìṣàn iná rẹ̀. Níbẹ̀ ni òtítọ́ wà.

4. Ogbó

Ogbó kò ṣeé sá fún, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Nǹkan bí ìdajì ìdá 1 nínú 100 ni sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì tí a ṣe dáradára sábà ń pàdánù lọ́dọọdún, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilẹ̀ olóoru. Èyí ni pé pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì lè ku nǹkan bí 90 lẹ́yìn 20 ọdún. Nítorí náà, bí agbára yín bá já sí ìdajì láàárín ọdún 3, ẹ má ṣe sọ pé ó ti gbó. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Bí kò bá yí padà, ẹ wá ọgbẹ́ lára rẹ̀, kí ẹ sì wo wáyà àti bátìrì pẹ̀lú.

Ìparí

Pánẹ́ẹ̀lì kan tí ó gbọgbẹ́ lè fa àwọn tí a so mọ́ ọn sẹ́yìn. Yíyọ ọ̀kan náà kúrò sàn ju kí a da gbogbo rẹ̀ nù lọ. Kò sí ìlú tí ó yẹ kí ó mọ òwe yìí ju tiyín lọ: kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.