ÈRÈ OLÙKỌ́ KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ DE Ọ̀RUN

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo ẹgbẹ́ wa bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ

  

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ọmọ wa ni. Ní ọ̀pọ̀ ìletò wa, ilé-ẹ̀kọ́ wà, òrùlé wà lórí rẹ̀, ọmọ sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó ń sáré láti kíláàsì kan dé èkejì, bí ẹni tí ń lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì. Bí a bá béèrè àwọn yòókù, wọn a ní ọ̀kan ti wọ ìlú ńlá lọ, òmíràn ti gba iṣẹ́ ní báńkì, òmíràn ti rékọjá òkun. Kí ni ó ń lé wọn lọ? Kí ni a sì lè ṣe tí wọn yóò fi dúró?

Ẹ jẹ́ kí n fi kòkó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Igi kòkó àtijọ́ tí àwọn bàbá wa gbìn a máa tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó so. Ní gbogbo àkókò náà, àgbẹ̀ ń ro ìdí rẹ̀, ó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ìbòòji fún un, kò sì rí kọ́bọ̀ kan gbà lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ wo ni yóò wá bẹ́ ẹ lulẹ̀ ní ọdún kẹta? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni olùkọ́ rí. Ní ọdún kìíní, òun fúnra rẹ̀ ṣì ń kọ́ bí a ti ń kọ́ni. Nígbà tí yóò bá fi mọ ọmọ tí kò dáhùn nítorí agídí yàtọ̀ sí èyí tí kò dáhùn nítorí pé etí ń dùn ún, ọdún ti gorí ọdún. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń di ẹrù. Olùkọ́ tí ó lọ ní ọdún kẹta, kòkó tí a bẹ́ kí ó tó so ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1952, Olóyè S. O. Awókọ́yà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù January, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Àwọn ọmọ tí kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 ní ọdún 1954 di ẹni tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 lẹ́ẹ̀kan náà. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ògiri ni a lè mọ kánkán, a kò lè mọ olùkọ́ bí a ti ń mọ ògiri. Kíákíá ni ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sí i, síbẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn tí ó dúró níwájú ọmọ ni kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ náà ni iye owó olùkọ́ tí ó gbó nínú iṣẹ́ ti hàn sí gbogbo ẹni tí ó ní ojú.

Ẹ tún wo Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1931. Ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Girama Abẹ́òkúta ní ọdún 1932, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1954. Ọdún 22 lórí àga kan! Ní ìgbà tirẹ̀, bí tíṣà bá ń kọjá lọ, àgbà ń kí i, ọmọdé ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni mo ń sọ. Èmi tí mo dúró níwájú yín yìí ti di ṣọ́ọ̀kì mú rí. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìgbèríko. Oṣù mẹ́rin kọjá tí a kò rí owó oṣù. Ní ọjọ́ kan, mo lọ ra gààrí àwìn lọ́wọ́ ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà kò ṣe iṣẹ́ tí mo fún un ṣe nílé. Mo la ẹnu láti bá a wí, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ, nítorí gààrí ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú ìkòkò mi. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé n kò ní pẹ́ kúrò, mo sì kúrò. Ìtìjú rẹ̀ kò tíì tán lára mi.

Nítorí náà, ìdí kìíní ni owó, kì í sì ṣe kíkéré rẹ̀ nìkan. Owó tí kò ní ọjọ́ ni ó ń pa olùkọ́. Ní ọdún 2024, òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ di 70,000 náírà. Síbẹ̀, ní ọdún 2025, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Àbújá, olú-ìlú wa, wà ní títì fún ohun tí ó lé ní oṣù mẹ́ta, nítorí pé àwọn olùkọ́ kò rí owó tuntun náà gbà. Ìdí kejì ni ibùgbé. A gbé ọ̀dọ́ wá sí ìletò, kò sí yàrá, kò sí omi, owó ọ̀kadà sì ń jẹ ìdá kan nínú owó oṣù rẹ̀. Ìdí kẹta ni pé ìgbéga kì í dé lásìkò, bí ó bá sì dé lórí ìwé, owó rẹ̀ kì í bá a dé. Ìdí kẹrin ni ẹ̀gàn. A ń sọ fún wọn pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Ta ni nínú wa tí yóò ta kòkó rẹ̀ kí a sọ fún un pé kí ó lọ gba owó ní ọ̀run?

Àwọn ẹlòmíràn sì ti mọ iye ohun tí a ń gbé sọnù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù February, ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà kí olùkọ́ Nàìjíríà tí ń kọ́ni ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè gba ìwé àṣẹ ìkọ́ni lọ́dọ̀ wọn. Ní ilẹ̀ tiwọn, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ó ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó tó pé ọdún márùn-ún. Kòkó tí a gbìn, tí a kò ro ìdí rẹ̀, ni wọ́n ń hú lọ gbìn sí oko wọn.

Àwa olóṣèlú náà kò mọ́ nínú ẹ̀sùn yìí. Olóyè Awókọ́yà tí mo dárúkọ, ilé-ẹ̀kọ́ Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni a ti mú un wá sí ipò Mínísítà. Ire ni ó ṣe fún wa, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni òṣèlú ti ń ṣa olùkọ́ tí ó dára jù, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi ẹlòmíràn dípò.

Òfin ọdún 2022 sọ ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ di 65 ọdún lọ́jọ́ orí tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi yóò lé lọ ní ọdún kẹta, kí ni yóò fi ogójì ọdún ṣe?

Kí ni kí a ṣe? Ti ìjọba ni kí owó oṣù ní ọjọ́ tí kì í yẹ̀, kí owó ìgbéga bá ìwé rẹ̀ dé, kí ẹni tí ń kọ́ni ní ìgbèríko sì gba àlékún tí yóò mú kí ó fẹ́ dúró. Ti àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n fi olùkọ́ tuntun sí abẹ́ àgbà kan, kí wọ́n má ṣe gbé kíláàsì tí ó le jù fún ọmọdé iṣẹ́ kí wọ́n sì kẹ̀yìn sí i.

Ṣùgbọ́n tiwa ńkọ́? Yàrá méjì kò ju agbára abúlé lọ. Ilẹ̀ díẹ̀ tí olùkọ́ yóò fi gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò ju agbára wa lọ. Ìkíni kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ wọ inú ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ìbá à ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ bi í léèrè pé: ọjọ́ wo nínú oṣù ni ìwọ yóò san owó olùkọ́? Bí kò bá lè dárúkọ ọjọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Àwọn kan yóò ní kò sí owó. Mo dá wọn lóhùn pé owó tí a fi kọ́ olùkọ́ tí ó lọ, a ti ná an dànù, a ó sì tún ná òmíràn lórí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2024, àjọ UNESCO kéde pé ayé yóò nílò olùkọ́ mílíọ̀nù 44 sí i kí ó tó di ọdún 2030, ó sì lé ní ìdajì wọn tí ó jẹ́ pé ipò àwọn tí ó lọ ni wọn yóò dí. Ẹni tí ń rọ omi sínú agbè tí ó jò, kí ó kọ́kọ́ dí ihò ná.

Àwọn bàbá wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Oko kòkó tí ẹ ń dá yìí, ọmọ yín ni yóò jogún rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò kọ́ ọ bá yín dúró, kí èrè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ayé níhìn-ín.