Ìdáhùn Wà Nílẹ̀, A Ò Kàn Rí I Ni

Ọ̀rọ̀ àwọn gúrúùpù tí a ti ń ran ara wa lọ́wọ́ lórí fóònù ni mo gbé wá lónìí. Mo wà lára àwọn admin irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ kan lórí WhatsApp, nítorí náà ẹ̀bi tí mo fẹ́ sọ yìí kàn mí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń ta aṣọ kọ ọ́ sí gúrúùpù pé ẹnìkan ń pe òun, ó ní kóòdù oní-nọ́ńbà 6 máa wọlé sórí fóònù òun, kí òun kà á fún un. Ṣé kí òun kà á? Àwọn kan ń jiyàn bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ìbéèrè rẹ̀ bá rì sábẹ́ rẹ̀. Kí n tó dáhùn, ó ti kà á. Wọ́n gba WhatsApp rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀. Olè ti fi PIN tiẹ̀ sí i, nítorí náà ọjọ́ 7 gbáko ló fi dúró kó tó lè wọlé padà.

Ohun tó dùn mí jù? A ti dáhùn ìbéèrè yẹn rí, kúlẹ̀kúlẹ̀. A tilẹ̀ kàn án mọ́ òkè gúrúùpù. Àmọ́ ohun tí ẹ bá kàn mọ́ òkè lórí WhatsApp kì í kọjá ọjọ́ 30. Ọjọ́ pé, ó já bọ́, kò sẹ́ni tó kíyè sí i.

A wá kó àwọn ìdáhùn jọ sínú Google Docs kan, a fi líǹkì rẹ̀ sínú àpèjúwe gúrúùpù, níbi tí kò ti ní já bọ́. Àkọlé tí mo kọ́kọ́ fún ti kóòdù yẹn ni "Ààbò Àkáǹtì". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ta ló ń wá ààbò àkáǹtì nígbà tí olè wà lórí ìpè? Ohun tó máa tẹ̀ ni "wọ́n ní kí n ka kóòdù". A yí i padà sí bẹ́ẹ̀ gan-an. "Ìṣòro Bátìrì" náà di "Fóònù mi ń gbóná".

Stack Overflow, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, mọ èyí. Tí wọ́n bá ti béèrè ohun kan rí, wọ́n á ti ìbéèrè tuntun náà, wọ́n á so ó mọ́ ti àtijọ́, kí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ mìíràn wá a lè débẹ̀. (Ẹnu wọn le sí ẹni tuntun o. Ẹ má kọ́ ìyẹn.)

Ìdáhùn sì máa ń gbó. Ní 2023, NCC sọ kóòdù gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì di ọ̀kan: *310# la fi ń wo owó tó kù lórí láìnì yòówù. Nínú àkójọ tiwa, kóòdù àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Báyìí, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí a dán an wò kẹ́yìn, àti orúkọ ẹni tó dán an wò.

Ọmọbìnrin yẹn ló ń bójú tó ti kóòdù báyìí. Gbogbo àlàyé tí mo kọ síwájú, ó tì í sísàlẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ tó kọ ni: "Má kà á. Gé ìpè náà."