OMI ÒKUN ÀTI ÒÙNGBẸ ILẸ̀ WA
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní Òkìtìpupa)

 

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, àwọn kan nínú wa dábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, pé kí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ ńlá kan sí etí òkun Ìlàjẹ, èyí tí yóò máa yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun, kí wọ́n sì fi páìpù fa omi náà wá sí gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Àwa pẹ̀lú pàtẹ́wọ́ sí ìmọ̀ràn náà. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, a máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ń wá omi kiri. Ẹni tí ó bá ń rí èyí lọ́dọọdún kò lè ṣàì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a ti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ọkàn wa yí padà díẹ̀, ìdí rẹ̀ ni a sì fẹ́ là yé yín lónìí.

Yíyọ iyọ̀ kúrò lára omi kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Kí iyọ̀ òyìnbó tó dé, àwọn ará etí òkun wa a máa bu omi òkun sínú ìkòkò, wọn a dáná sí i lábẹ́ títí omi yóò fi gbẹ tán, tí iyọ̀ yóò sì kù nísàlẹ̀. Iyọ̀ yìí àti ẹja ni wọ́n ń kó wá sí ọjà, tí wọ́n ń fi gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwa tí a ń gbé orí ilẹ̀. Àwọn baba wa kó iyọ̀, wọ́n jẹ́ kí omi bá afẹ́fẹ́ lọ. Àwọn ọlọ́gbọ́n òde òní ń kó omi, wọ́n sì ń da iyọ̀ nù. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, igi ìdáná kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ẹnìkan ni yóò sì ṣẹ́ igi náà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Èkínní ni kí a se omi òkun, kí a gba ooru rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó tutù di omi dídùn. Èkejì ni ti asẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga California tí ó wà ní Los Angeles, ṣe asẹ́ kan tí ojú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń kọjá tí iyọ̀ kò sì lè kọjá. Omi kì í kọjá nínú asẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò fi ipá tì í, ipá tí ó ju 50 ìlọ́po agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ nǹkan bí gíráàmù 35 ni ó wà. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ṣoṣo ní iyọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Láti rí 1,000 lítà omi dídùn, iná mànàmáná yúníìtì 3 sí 4 ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Bí a bá sì bu kẹ́ẹ̀gì 100 sínú rẹ̀, 40 sí 50 ni yóò jáde ní dídùn; ìyókù yóò jáde ní omi tí iyọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, a ó sì wá ibi tí a ó dà á sí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìwé Mímọ́ rántí omi Mara, bí igi kan ti sọ omi kíkorò di dídùn. Igi ti òde òní ni iná mànàmáná, owó ni a sì fi ń rà á.

Ilẹ̀ Saudi Arabia kò ní odò kan tí ń ṣàn yípo ọdún, ṣùgbọ́n ó ní epo rọ̀bì. Nítorí náà ó tọ́ kí wọ́n mu omi òkun. Ní Ísírẹ́lì, ilé ẹ̀rọ Sorek tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013 ni a kọ́ láti máa pèsè ju 600 mílíọ̀nù lítà lọ lójúmọ́. Àwọn wọ̀nyí kò ní ọ̀nà mìíràn tí ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo aládùúgbò wa, Gánà. Ní 2015, wọ́n ṣí ilé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí Teshie-Nungua, lẹ́bàá Accra, láti máa pèsè 60 mílíọ̀nù lítà lójúmọ́. Omi náà dára. Ṣùgbọ́n iye tí ilé iṣẹ́ omi ìjọba ń san lé e wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ọ̀rọ̀ owó dìjà, nígbà tí ó sì di 2018 wọ́n dá ẹ̀rọ dúró fún ìgbà kan. Òkun kò gbẹ. Àpò ni ó gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, òjò tí ń rọ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 2,000 mílímítà. Òrùlé páànù tí ó gùn ní mítà 20 tí ó sì fẹ̀ ní mítà 5 yóò gba nǹkan bí 200,000 lítà lọ́dún. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá tilẹ̀ ṣòfò, 160,000 lítà ni yóò kù. Agboolé ènìyàn 8, bí olúkúlùkù bá ń lo 20 lítà lójúmọ́, yóò lo nǹkan bí 19,000 lítà ní gbogbo oṣù mẹ́rin ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí fi hàn pé kì í ṣe omi ni a kò ní. Ibi tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí ni a kò ní. Odò Olúwa pẹ̀lú ń ṣàn nínú ilẹ̀ wa. A kì í gbé létí odò kí á máa fi itọ́ bọ́jú.

Ẹnìkan lè wí pé òjò kò ṣeé gbára lé mọ́. Òtítọ́ ni. Àwa tí a jẹ́ ọmọdé ní 1983 kò gbàgbé ọ̀dá ọdún náà, nígbà tí iná jó oko kòkó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ̀rù ọ̀dá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ́ táǹkì, kí ó sì dáàbò bo igbó etí odò.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará wa Ìlàjẹ yàtọ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n wà láàrin omi tí wọn kò rí omi mu. Ayétòrò, tí a tẹ̀ dó ní 1947, ni òkun ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ní ìhà Awoye, ọ̀nà omi tí a gbẹ́ nítorí iṣẹ́ epo lẹ́yìn 1970 ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún omi iyọ̀ láti wọ inú àbàtà omi dídùn, tí ó sì pa igi àti ẹja rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò fi ọwọ́ ara wọn fa ìyà yìí. Fún wọn ni ẹ̀rọ náà yẹ: kì í ṣe èyí ńlá tí yóò gbé omi wá fún àwa tí òjò ń rọ̀ lé lórí, bí kò ṣe àwọn kékeré, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìlú kan, tí oòrùn ń fún ní iná, tí yóò máa lo omi ọ̀sà tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó ti òkun. Bí iyọ̀ bá ti kéré tó ni iná tí ẹ̀rọ ń jẹ yóò ti kéré tó.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, kí ẹgbẹ́ tún ìwé ẹ̀bẹ̀ náà kọ. Kí ó béèrè ẹ̀rọ kékeré fún Ìlàjẹ, kí ó sì béèrè táǹkì òjò fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ Ìkálẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé àdéhùn wá síwájú ẹ̀yin Kábíyèsí, kí ọwọ́ yín tó kan bírò, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Níbo ni iná yóò ti máa wá? Ta ni yóò máa san owó omi, èló sì ni fún kẹ́ẹ̀gì kan? Ọmọ ta ni a ó kọ́ láti máa tún ẹ̀rọ ṣe? Níbo ni a ó da omi iyọ̀ sí, tí kò ní ba iṣẹ́ apẹja jẹ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilé òfìfo ni ó fẹ́ kọ́ fún wa. Ta ni nínú wa tí kò mọ kànga ẹ̀rọ kan tí a fi ìlù ṣí, tí koríko ti bò lónìí?

Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ti pinnu láti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara wa. Kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó dé, a ó da owó jọ láàrin ara wa, a ó sì kọ́ táǹkì kan sí ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn wa, kí àwọn ọmọ tí yóò lọ kọ́ni ní abúlé lè mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.