Yìgì Kò Sọ Ipá Di Ẹ̀tọ́

Ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ síta la gbé wá lónìí: bí ọkọ bá fipá bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló ní ká má bi ọkọ léèrè. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, Matthew Hale, ló kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1736, pé níwọ̀n ìgbà tí obìnrin ti gbà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò lè kọ̀ mọ́ láéláé. Èrò yìí ni ìjọba amúnisìn gbé wọ inú òfin ìwà ọ̀daràn wa lọ́dún 1916. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti sọ ọ́ nù ní kóòtù wọn lọ́dún 1991.

Àwọn àáfà kan máa ń mẹ́nu ba hádíìsì nípa ìyàwó tó kọ ìbùsùn ọkọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ọkọ inú hádíìsì náà sùn tìbínú-tìbínú ni, kò fi ipá mú obìnrin náà. Súúrà Rúúmù nínú Àlùkùránì sì fi yé wa pé ìfẹ́ àti àánú ni Ọlọ́hun fi sáàrin tọkọtaya.

Àwọn ilẹ̀ Mùsùlùmí ti ń tún òfin wọn ṣe. Indonesia ti sọ kí ọkọ fipá bá ìyàwó lò pọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dún 2004, Tọ́kì tẹ̀ lé e lọ́dún 2005. Nítòsí wa níhìn-ín, òfin Sierra Leone ti ọdún 2012 sọ pé ìgbéyàwó kì í ṣe àwáwí fún ẹni tó fipá báni lò pọ̀.

Ní Nàìjíríà, Penal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá, ṣì dá ọkọ sí bí ìyàwó bá ti bàlágà. Òfin VAPP ti ọdún 2015, tó lòdì sí ìwà ipá, kò yọ ọkọ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ní Èkó, òfin ọdún 2007 ka ìfipábánilòpọ̀ mọ́ ìwà ipá inú ilé, kóòtù sì lè pàṣẹ pé kí ọkọ má ṣe súnmọ́ ìyàwó náà.

Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò wa, ẹ má dá a gbé mọ́ra. Ibùdó Mirabel, nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, ń tọ́jú ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sá wálé, ẹ má lé e padà kẹ́ ẹ tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin àáfà wa, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń so yìgì, ẹ sọ ọ́ létí ọkọ àti létí gbogbo ẹbí pé ìyàwó ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé rárá.