Náítírójìn Inú Táyà: Ǹjẹ́ Ó Tó Ohun Tí A Ń San Owó Lé Lórí?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́

 A kí ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá kú ewu ọ̀nà. Ìkíni yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán láàárín wa. Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ ẹni tí ó jáde ní Èkó ní òwúrọ̀ tí kò dé ilé ní alẹ́, nítorí pé táyà kan bẹ́ lójú ọ̀nà. Nítorí náà ni a kò ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àbá tí àwọn ọ̀dọ́ wa mú wá, pé kí ẹgbẹ́ máa san owó láti fi náítírójìn sí táyà bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, dípò afẹ́fẹ́ tí fọganáísà ń fún un. Ẹgbẹ́ ní kí àwa wádìí ọ̀rọ̀ náà. Èsì wa nìyí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ rà. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí a ń mí sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 78 nínú rẹ̀ ni náítírójìn, 21 ni ọ́síjìn. Ẹni tí fọganáísà fún táyà rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ti gba náítírójìn láìmọ̀, kò sì san ju owó afẹ́fẹ́ lọ. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náítírójìn kò ju pé kí ó yọ ọ̀pọ̀ ọ́síjìn àti ọ̀rinrin kúrò nínú afẹ́fẹ́ kan náà.

Àwọn ọ̀dọ́ wa sọ pé náítírójìn ni a ń fi sí táyà ọkọ̀ òfuurufú. Òótọ́ ni, ìtàn rẹ̀ sì bani nínú jẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ọdún 1986, Boeing 727 kan ti iléeṣẹ́ Mexicana gbéra ní Mexico City. Bíréèkì ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gbóná kọjá ààlà, afẹ́fẹ́ lásán ni ó sì wà nínú táyà ibẹ̀. Táyà náà bú gbàmù lójú ọ̀run, ó já ọ̀pá epo, iná sì sọ. Gbogbo ènìyàn 167 tí ó wà nínú ọkọ̀ náà ni ó kú. Ní ọdún 1987, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ náítírójìn fún irú táyà bẹ́ẹ̀, nítorí ọ́síjìn ni ó ń ran iná lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì wa kì í balẹ̀ láti ojú ọ̀run. Bíréèkì rẹ̀ kì í rí irú ooru bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún ní náítírójìn kì í tètè jò. Èyí náà ní òótọ́ díẹ̀, nítorí ọ́síjìn ń yára gba ara rọ́bà jáde ju náítírójìn lọ. Èló ni ìyàtọ̀ náà? Ìwé ìròyìn Consumer Reports ti Amẹ́ríkà dán an wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2007. Wọ́n mú oríṣi táyà 31, méjì méjì, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí ọ̀kan, náítírójìn sí èkejì, gbogbo rẹ̀ ní 30 psi, wọ́n sì fi wọ́n síta fún ọdún kan. Ní ìṣirò àárín, ti afẹ́fẹ́ dín ní 3.5 psi, ti náítírójìn dín ní 2.2. Ìyàtọ̀ 1.3 ní oṣù 12! Géèjì abẹ́ igi kò lè rí ti oṣù kan. Ẹ sì kíyè sí i pé náítírójìn pàápàá jò.

Ní ti ooru, bí ó bá fi 10°C lé sí i, táyà 32 psi yóò lé ní nǹkan bíi psi kan àbọ̀, ìbáà jẹ́ náítírójìn, ìbáà jẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Omi nìkan ni ó ń da ìṣirò yìí rú, a sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé àgbá ẹ̀rọ fọganáísà a máa kó omi sí ìdí, omi a sì bá afẹ́fẹ́ wọ táyà, rímù a dípẹtà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó máa tú omi náà dànù láràárọ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Ta ni yóò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n fún un? Ìdérí fáàfù aláwọ̀ ewé ni àmì náítírójìn, ẹnikẹ́ni sì lè rà á lọ́jà. Bí wọn kò bá tú afẹ́fẹ́ àtijọ́ dànù kí wọ́n tó fún un, àdàlù ni ẹ gbé lọ sílé.

Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, tí a di iṣu àti èrò lé lórí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa ká, yóò máa nà, yóò máa gbóná títí yóò fi bẹ́. Ìṣó tí ó gún un kò bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù tí ó bà wá jù ni pé ẹni tí ó bá ti san owó náítírójìn kò ní wọn táyà rẹ̀ mọ́. Láti 2008 ni mọ́tò tuntun ti Amẹ́ríkà ti ń ní iná kékeré tí ń kìlọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá dín. Àwa tí a ń ra tòkunbọ̀ nílé ti sọ iná náà di ohun ọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, bí ẹni tí ó ta táyà fún yín bá fi náítírójìn sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ gbà á. Bí ó bá kọ owó rẹ̀ mọ́ owó mọ́tò, ẹ ní kí ó yọ ọ́.

Ọ̀kan nínú wa kò tíì fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n àwa yòókù dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ má san owó náítírójìn. Kí a fi owó náà kún owó táyà tuntun. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT ní ẹ̀gbẹ́ táyà bọ́ọ̀sì wa, nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn jẹ́ 1114, èyí ni ọ̀sẹ̀ 11 ọdún 2014. A ti ra géèjì méjì. Wọ́n wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí ó bá ń padà lọ́la, kí ó wá wọn táyà rẹ̀ ní ìdájí, kí ó tó gbé mọ́tò, kí táyà má baà ti gbóná.