Bí Ẹ̀rọ Bá Sọ Pé Ara Wa Kò Dá, Ta Ni Yóò Dáhùn fún Un?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Àgọ́ Aláyé)

A ò ní pẹ́ lórí ìdúró, nítorí a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wọ iṣẹ́ alẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ọ̀rọ̀ ìlera wa ni. Ṣùgbọ́n kí a tó parí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Awakọ̀ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní ọjọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí a fi ń ya fọ́tò àyà wá sí ọgbà ilé iṣẹ́ wọn láti wá ẹni tó ní ikọ́ ife. Gbogbo òṣìṣẹ́ tò sórí ìlà. Ẹ̀rọ ya fọ́tò, kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ka fọ́tò náà fúnra rẹ̀ láìsí dókítà níbẹ̀, ó sì gbé nọ́ńbà jáde. Nọ́ńbà ti arákùnrin wa yìí ga. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ rẹ̀ ti dé ọ́fíìsì. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀, kó máa lọ sílé. Àwọn tó ń bá a jẹun nínú abọ́ kan náà sá fún un. Ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ ní ọjà kí òun fúnra rẹ̀ tó délé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò nílé láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ tẹ̀lé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ikọ́ ife níbẹ̀. Dókítà wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bàbá, ṣé ẹ ti ní in rí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, wọ́n sì tọ́jú òun títí òun fi sàn. Àpá àtijọ́ ni ẹ̀rọ rí, tó pè é ní egbò tuntun. Ìbéèrè tí ì bá gba ọkùnrin yìí lọ́wọ́ ìtìjú, kò sí ẹni tó bi í ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

A jà, wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, a sì gba owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà fún un. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ tó bàjẹ́ ní ọjà, ẹgbẹ́ kò rí ìyẹn gbà padà. Ohun kan sì wà tí a gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ níwájú yín. Kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ náà dé, mánéjà fi tó wa létí. Inú wa dùn pé ọ̀fẹ́ ni. Àwa gan-an la sọ fún àwọn ènìyàn wa pé kí wọ́n tò. A ò béèrè ẹni tí yóò rí èsì, a ò béèrè ohun tí wọn yóò ṣe fún ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí a dìde sọ̀rọ̀ lónìí.

Kí ni nǹkan yìí gan-an? Wọ́n ń pè é ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò àyà fún kọ̀ǹpútà, wọ́n sọ fún un pé eléyìí ní ikọ́ ife, eléyìí kò ní. Títí títí, ó di ẹni tó lè wo fọ́tò tuntun kó sì sọ èyí tó jọ èwo. Bí ọmọ ọkọ̀ ṣe ń mọ èrò tí kò ní sanwó nìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ilé ìwé. Ojú tó ti rí ló ń bá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ ọkọ̀ a máa ṣì í mú. A máa di olówó mú, ọ̀lẹ a sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

A ò wí pé ẹ̀rọ náà burú o. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ikọ́ ife ti wọ́pọ̀ jù lọ láyé, dókítà tó mọ fọ́tò àyà kà kò sì tó nǹkan, pàápàá ní ìgbèríko. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé a lè fi irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ka fọ́tò àyà àwọn tó ti pé ọdún 15 sókè, láti ṣa àwọn tó yẹ kí a yẹ̀ wò síwájú sí i. Ẹni kan tó ní ikọ́ ife tí kò mọ̀, tó ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì tó kún láti Ọ̀rẹ̀ dé Èkó, ewu ni fún gbogbo èrò. Bí ẹ̀rọ bá tètè rí i, kó gba oògùn, ẹ̀mí púpọ̀ ló gbà là. Ọmọ wa náà sì wà nínú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Charles Onu, ọmọ Nàìjíríà, ló dá Ubenwa sílẹ̀, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà gbọ́ igbe ọmọ tuntun láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ kò tó o nígbà ìbí.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ tí Àjọ náà lò: láti ṣa ni, kì í ṣe láti dájọ́. Ẹ̀yin awakọ̀ ni yóò yé jù. Bí iná ọ́ìlì bá tàn níwájú yín lójú ọ̀nà Bìní, kí lẹ ń ṣe? Ẹ ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó fa ọ̀pá ìwọnlẹ̀ yọ, ẹ ó wò ó. Nígbà mìíràn ọ́ìlì ti tán lóòótọ́. Nígbà mìíràn wáyà iná ló já. Kò sí awakọ̀ tó ń ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí pé iná tàn. Ohun tí wọ́n ṣe fún arákùnrin wa nìyẹn: iná tàn, wọ́n ta ọkọ̀.

Ohun mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà kì í sọ pé "ó ní" tàbí "kò ní". Nọ́ńbà ló ń gbé jáde. Ènìyàn ló ń pinnu ibi tí a ó pa ààlà sí. Bí wọ́n bá pa ààlà sísàlẹ̀, aláìsàn díẹ̀ ni yóò yọ́ kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ni a ó dá dúró. Bí wọ́n bá pa á sókè, ẹni tí ara rẹ̀ dá yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n aláìsàn náà yóò bá wọn kọjá. Ibi tó yẹ kí ààlà wà ní ìlú kan lè má yẹ ìlú mìíràn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé "ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀", ẹ béèrè pé: ta ló pa ààlà? Ààlà náà kì í ti ojú ọ̀run wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkèèrè díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí yẹ kọ̀ǹpútà kan wò tí wọ́n fi ń yan àwọn aláìsàn tó nílò ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀. Iye owó tí wọ́n ti ná lórí ènìyàn ni kọ̀ǹpútà náà fi ń mọ bí àìsàn rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ná lórí aláwọ̀ dúdú kéré. Nítorí náà kọ̀ǹpútà rò pé ara aláwọ̀ dúdú le. Àwọn olùwádìí rí i pé aláwọ̀ dúdú jẹ́ ìdá 17.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yàn; bí wọ́n bá tún un ṣe, ì bá di 46.5. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé kó kórìíra aláwọ̀ dúdú. Ìwọ̀n tí wọ́n gbé fún un ló wọ́. Bí ẹ bá fi òṣùwọ̀n tí kò pé wọn kòkó, bí ọwọ́ yín ti mọ́ tó, àgbẹ̀ yóò ṣòfò.

Ní ilé tiwa náà, a ti rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ohun tuntun bá wọlé tí ìṣọ́ kò gún régé. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tí wọ́n ń pè ní Trovan wò. Ọmọ 200 ló wà nínú ìdánwò náà: oògùn tuntun fún ìdajì, oògùn mìíràn fún ìdajì. Ọmọ 11 kú. Àwọn òbí ní wọn kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní òun kò jẹ̀bi. Ọdún 2009 ni òun àti ìjọba Kánò tó parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ọdún mẹ́tàlá gbáko! Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ọjọ́ tí nǹkan bá ń wọlé ló yẹ ká béèrè, kì í ṣe ọjọ́ tí a bá ń sin òkú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí òfin. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn, àti pé a kò gbọ́dọ̀ fi ènìyàn ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé a ṣàlàyé fún un kó sì fi ìwé gbà. Òfin mìíràn ní ọdún 2014 kan náà kọ̀ ọ́ pé kí agbanisíṣẹ́ béèrè àyẹ̀wò HIV kó tó gbani síṣẹ́. Ní ọdún 2023, òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni jáde. Ó ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gbẹgẹ́. Ó tún sọ pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ kí a má ṣe fi ẹ̀rọ nìkan ṣe ìpinnu ńlá lé e lórí. Níbi tí òfin bá ti yọ̀ǹda rẹ̀ pàápàá, bí ẹ bá ti tọwọ́ bọ̀wé pé ẹ gbà, ẹ ṣì ní ẹ̀tọ́ kí ènìyàn dá sí i, kí ẹ sọ tẹnu yín, kí ẹ sì tako ìpinnu náà. Ẹ̀tọ́ yìí gan-an ni arákùnrin wa ní, tí òun kò mọ̀, tí àwa náà kò sì mọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbé ìlànà mẹ́fà kalẹ̀ ní ọdún 2021 lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú ìṣègùn: kí ìpinnu wà lọ́wọ́ ènìyàn, kí ẹ̀rọ ṣe ènìyàn lóore, kó má pa á lára, kí a lè ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹni tí yóò dáhùn bí ó bá ṣì ṣe wà, kí ó tọ́ sí gbogbo ènìyàn láìsí ojúsàájú, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní ọdún 2024.

Oǹdó tiwa náà ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ rí. Nígbà tí ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní ọdún 2009, wọ́n fún aboyún ní fóònù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fóònù ló ń gbẹ̀bí. Òṣìṣẹ́ ìlera wà ní ìdí rẹ̀, tó mọ orúkọ aboyún, tó sì mọ ilé rẹ̀. Ní ọdún 2010, ìpínlẹ̀ yìí tún ṣe òfin pé bí aboyún bá kú, a gbọ́dọ̀ wádìí ohun tó fà á. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ó rí: ẹ̀rọ ní ọwọ́ ènìyàn, àti ìwádìí bí nǹkan bá bàjẹ́.

Nítorí náà, ohun márùn-ún ni a ń bẹ ìpàdé yìí kó fọwọ́ sí, kí a gbé e lọ bá àwọn ọ̀gá:

1. Kí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kankan má wọ ọgbà iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ ti gbọ́ ẹni tó ni í, ohun tó ń wá, àti bóyá àwọn aláṣẹ ti fọwọ́ sí i.

2. Kí èsì kọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹni tó ni ara. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni yóò fi fún un, ní ìkọ̀kọ̀. Ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

3. Kí a má ṣe dá ẹnikẹ́ni dúró nítorí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé jáde. Kí a lọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ní ilé ìwòsàn kíákíá, kí owó rẹ̀ sì máa wọlé títí èsì yóò fi jáde.

4. Ẹni tí àìsàn bá wà lára rẹ̀ lóòótọ́, kí ó gba ìtọ́jú, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró dè é.

5. Kí wọ́n kọ orúkọ ènìyàn kan sílẹ̀ tí yóò dáhùn bí ẹ̀rọ bá ṣì ṣe. A ò lè bá kọ̀ǹpútà jókòó ní ìpàdé.

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ má ṣe tọwọ́ bọ ìwé tí ẹ kò kà. Bí kò bá yé yín, ẹ mú un wá fún aṣojú yín. Ẹ má sì tìtorí ọ̀rọ̀ yìí sá fún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò ikọ́ ife àti oògùn rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga, ẹ má ṣe gbé abọ́ yín kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìdájọ́ tó délẹ̀. Ẹ̀rọ kọ́ ló tú àṣírí arákùnrin wa ní ọjà. Ẹnu ènìyàn ni.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá fara mọ́ ohun márùn-ún yìí, kó nawọ́ sókè kí akọ̀wé kà á.

Ẹgbẹ́ kò ní tú.