Òfin àti Ìwé Ìṣekúṣe: Ojú Ta Ni Òṣùwọ̀n?

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ)



Kò sí abiyamọ tí yóò fẹ́ kí ìwé ìṣekúṣe bọ́ sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Lórí èyí, ohùn wa ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí òfin bá fẹ́ fi ènìyàn sẹ́wọ̀n nítorí ìwé tí ó tà fún àgbàlagbà, dandan ni kí òfin náà sọ ohun tí ìṣekúṣe jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1868, Adájọ́ Àgbà Cockburn sọ nínú ẹjọ́ Hicklin pé ìwé ìṣekúṣe ni èyí tí ó lè ba ìwà àwọn tí ọkàn wọn tètè ń gba ibi jẹ́. Ìwé pélébé tí ó fa ẹjọ́ náà ń bá àṣà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìjọ Àgùdà jà ni. Ilé-ẹjọ́ gbà pé èrò ẹni tí ń tà á kò burú. Síbẹ̀ wọ́n ní kí a run ẹ̀dà 252. Bí a bá sì fi ọkàn ọmọdé wọn ìwé gbogbo, kí ni yóò kù fún àgbà láti kà?

Ní ọdún 1959, wọ́n ṣe òfin tuntun pé kí a wo odindi ìwé, kí a sì wo àǹfààní rẹ̀ fún ìmọ̀. Ní ọdún 1960, wọ́n pe ilé-iṣẹ́ Penguin lẹ́jọ́ nítorí ìwé *Lady Chatterley's Lover*. Agbẹjọ́rò ìjọba bi àwọn júrì méjìlá léèrè bóyá wọn yóò fẹ́ kí aya wọn tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ wọn kà á. Obìnrin mẹ́ta sì wà láàárín àwọn júrì náà! Wọ́n dá Penguin láre.

Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1964, Adájọ́ Potter Stewart sọ pé bóyá ni òun lè ṣe àlàyé ohun náà, ṣùgbọ́n bí òun bá rí i, òun yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ará, bí ojú adájọ́ bá di òfin, báwo ni òǹtẹ̀wé yóò ṣe mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kí ó tó dẹ́ṣẹ̀? Ìlù gángan ni ọ̀rọ̀ náà: ó kọjú sí ẹnìkan, ó kẹ̀yìn sí ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, tọmọdé tàgbà ní Ìbàdàn a máa kọ orin tí kò ṣeé kọ lọ́jọ́ mìíràn, kò sì sí ẹni tí yóò bínú. Orin kan náà ni. Ọjọ́ àti àyè ni ó yàtọ̀. Síbẹ̀, Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ṣì ń lo ọ̀rọ̀ "bíba ìwà jẹ́" tí ó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

A kò bẹ̀bẹ̀ fún ìsọkúsọ. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí òfin yà ti ọmọdé sọ́tọ̀ kúrò lára ti àgbà. Kí ó sọ ẹni tí ìwé pa lára. Kí a ka ìwé tán kí a tó dá a lẹ́bi. Kí ó má sì ṣe jẹ́ ojú ọ̀gá ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò máa ṣe ìdájọ́. Òfin tí kò ní ààlà, ẹni tí ó bá di kùmọ̀ mú ni ó ni ín.